Àgádágodo Àgọ́ Ààrin

Nígbà tí èmi tí ẹ ń pè ní Màmá Missouri City yìí ṣì jẹ́ ọmọ tí ń pààrọ̀ eyín, mi ò mọ freeway Houston yìí, ọ̀nà orí òkè ni mo mọ̀. Abúlé wa wà lẹ́yìn òkè àpáta kan ní ilẹ̀ Èkìtì. Ọjà, ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, òdìkejì òkè náà ni gbogbo wọn wà. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ á gùn ún, á sì sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ọ̀nà míì.

Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin ló ru ọ̀rọ̀ yìí sókè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìyá rẹ̀, ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ń lọ gun òkè oníyìnyín kan ní ilẹ̀ Yúróòpù. Mo ní, "Ta ló ń lé yín?" Ó rẹ́rìn-ín. "Grandma, it's fun. Ẹ wò ó, this is the route." Ó ń fi ìka tọ ọ̀nà náà fún mi: ibi tí wọ́n á ti gbéra láàárọ̀, àfonífojì tí wọ́n á gbà kọjá, àgọ́ tí wọ́n á sùn sí, àti èyí tí wọ́n á tún dé lọ́jọ́ kejì. Ó ní èèyàn á ti gba ibùsùn sílẹ̀ lórí fóònù kó tó lọ, á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, olùtọ́jú àgọ́ á sì bu ọbẹ̀ gbígbóná fún un. Mo kàn ń mi orí ni. Nígbà tó wá kan àgọ́ tó ga jù, ó ní kò ní sí olùtọ́jú níbẹ̀ lásìkò tí àwọn ń lọ.

Mo ní, "Ṣé wọ́n á tì í ni?"

Ó ní rárá, wọ́n máa ń fi yàrá kan sílẹ̀ láì tì í. Igi ìdáná wà níbẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí ìjì bá ká mọ́ orí òkè.

Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo ìkòkò tó wà lórí iná. Kò sì sí ìkòkò kankan lórí iná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa fún yín. Ọ̀nà òkè wa náà ní àgọ́: ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan láàrin, ọ̀kan ní ìhà kejì níbi tí èèyàn ti ń rí òrùlé ọjà lókèèrè. Ti ààrin yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí orí àpáta gbalasa ló wà, kò sí igi tí èèyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, koríko ni òrùlé rẹ̀, iwájú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ààrò wà nínú rẹ̀, ìkòkò omi wà, igi gbígbẹ wà ní igun. Ẹni tó bá dáná níbẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ láì wá igi míì rọ́pò. Ìdí nìyẹn tí àwa ọmọdé fi máa ń ṣa igi bí a bá ti ń gòkè. Tí a bá sì dé ẹnu àgọ́, a ó kí i: "Ẹ kú ilé o!" Bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀dá alààyè kan níbẹ̀, a ó kí i. Mo bi ìyá mi léèrè lọ́jọ́ kan pé ta gan-an ni à ń kí. Ó ní, "Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ ni, aláròyé. Gbé igi rẹ sílẹ̀."

Olóyè kan wà tó jẹ́ ọmọ abúlé wa, àmọ́ ìlú ọjà ló ń gbé, kòkó ló sọ ọ́ di olówó. Ilẹ̀ tí bàbá mi ń dáko sí, ilẹ̀ rẹ̀ ni. Nígbà tí bàbá olóyè yìí kú, ó fẹ́ fi nǹkan ṣe ìrántí rẹ̀, ló bá wó àgọ́ ààrin, ó tún un kọ́. Wọ́n ru sìmẹ́ǹtì gun òkè, wọ́n ru páànù. Ó kùn ún ní ọ̀dà funfun, ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí iwájú. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ewúrẹ́ fi ń yàgbẹ́ síbẹ̀, tí èéfín sì sọ ògiri funfun di dúdú. Inú bí olóyè. Ó ní àwọn ará abúlé òun kò mọyì nǹkan. Ó ní kí káfíńtà kan ilẹ̀kùn sí i, ó fi àgádágodo tì í, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ lo àgọ́ kó wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun. Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tí òjò ká mọ́ orí òkè, kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ gba kọ́kọ́rọ́! Kò sí ẹnì kan tó sọ pé kò dáa. Olóyè ṣeun, olóyè ṣeun ni gbogbo wọn ń wí.

Ọdún yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá bímọ sílé wa. Ọkọ rẹ̀ wà lájò. Òun ló tọ́ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gbé ju ẹ̀yìn ìyá mi lọ. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Nígbà tó di ọ̀sán tí ọmọ kò wá, agbẹ̀bí ní kí a tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bàbá mi àti àwọn ọkùnrin agboolé wa so aṣọ nínípọn mọ́ igi méjì, wọ́n tẹ́ ẹ sí i, wọ́n gbé e. Ìyá mi ń tẹ̀ lé wọn, èmi ni mo ru aṣọ ọmọ.

Òjò ká wa mọ́ orí àpáta. Ẹ̀yin ará Houston, mo mọ̀ pé ẹ mọ òjò. Ẹ ò mọ irú èyí. Yìnyín wà nínú rẹ̀, atẹ́gùn rẹ̀ sì fẹ́ gbé èmi àti ẹrù mi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń ké pé ọmọ ń bọ̀. Ìyá mi ní kí a ṣe kíá, pé bí a bá ti dé àgọ́, a ó dáná, a ó gbẹ̀bí rẹ̀ níbẹ̀. Ó ń sọ fún un pé, "Fara dà á, ọmọ mi, a ti dé, a ti dé." A dé ibẹ̀ lóòótọ́. A bá àgádágodo.

Igi gbígbẹ wà nínú ilé yẹn, à ń wò ó láti ojú ihò ilẹ̀kùn. Àdá wà lọ́wọ́ bàbá mi, ó wà lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ìyá mi pariwo, "Ẹ fọ́ ọ! Ẹ fọ́ ilẹ̀kùn yìí!" Wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ilé ìrántí bàbá olóyè ni o." Bàbá mi gbé àdá sókè. Mo rí i, ó gbé e sókè dáadáa. Ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ wí fún un? Tó bá gba ilẹ̀ rẹ̀, níbo la ó ti máa jẹun?"

Orí sìmẹ́ǹtì tútù, níwájú ilẹ̀kùn yẹn, ni ẹ̀gbọ́n mi bímọ sí. Ọkùnrin ni. Ó ké. Ẹni tó bá ní kò ké, irọ́ ló ń pa, torí èmi ni mo na aṣọ tí wọ́n fi wé e, omi sì ń kán tótó lára aṣọ náà. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀ dé ilé ìwòsàn, kò ké mọ́.

Olóyè wá kí wa, ó gbé iṣu wá. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń dúpẹ́. Ẹ má rò pé mi ò mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Èmi náà ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ èèyàn nílẹ̀ yìí, mo mọ bí ẹ̀rù ọ̀gá ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dárí ji bàbá mi, mo sì ti gbìyànjú. Bí pásítọ̀ wa bá ní ká dárí ji àwọn òbí wa, gbogbo èèyàn á ké àmín, èmi á máa tún gèlè ṣe.

Nígbà tí ara ẹ̀gbọ́n mi yá, ó mú àdá bàbá wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó gòkè. Ó fọ́ àgádágodo náà, ó já ilẹ̀kùn, ó tì í ṣubú sínú kòtò àpáta. Ìlú gbóná! Àwọn tí wọn ò sọ gbólóhùn kan nígbà tí ọmọ kú, àwọn náà ló kún inú ọgbà wa fọ́fọ́ nítorí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ó fi òkú bàbá olóyè wọ́lẹ̀. Wọ́n ní kó lọ kúnlẹ̀ fún olóyè. Bàbá mi ń bẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Káfíńtà á kan ilẹ̀kùn míì fún olóyè. Ta ló máa kan ọmọ fún mi?" Kò kúnlẹ̀. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gba orí òkè lọ, a ò rí i mọ́. Ẹnì kan ní òun rí i ní Gánà, ẹlòmíì ní Kánò ni. Ìyá mi wá a títí ó fi kú. Ní ti àgọ́, wọ́n tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe. Onírin ni wọ́n wá fi sí i.

Àwọn ẹgbẹ́ mi níbí, bí a bá jókòó lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á máa ní Amẹ́ríkà ló kọ́ èèyàn ní títi ilẹ̀kùn. Wọ́n á ka géètì àdúgbò tó ń béèrè nọ́ńbà, wọ́n á ka kámẹ́rà tó ń wo àlejò. Òótọ́ ni, nígbà tí mo ń gbé apartment ní àdúgbò Brays Oaks, títí mo fi kó kúrò, mi ò mọ orúkọ obìnrin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ tèmi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní nílé wa, a kì í tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn, mo máa ń dìde lọ sídìí ọkọ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ ti yí òkè yẹn ká báyìí, kò sẹ́ni tó ń gùn ún mọ́ bí kò ṣe àwọn ọmọ tó ń lọ ya fọ́tò. Wọ́n á dúró síwájú ilẹ̀kùn yẹn, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́músẹ́. Mo rí i lórí fóònù.

Láàárọ̀ tí ọmọ ọmọ mi ń lọ, ó wá dágbére fún mi níwájú ilé, àpò rẹ̀ fẹ́ ga jù ú lọ. Mo ní kó sọ "Ẹ kú ilé o" kí n gbọ́. Ó sọ ọ́, ohùn Texas ló fi sọ ọ́, àmọ́ ó sọ ọ́. Mo ní bó bá dé ẹnu àgọ́ kọ̀ọ̀kan, kó máa kí i bẹ́ẹ̀, kó sì fi igi sílẹ̀.

Mo wá ní, "Tí o bá dé èyí tó ga jù ńkọ́, tí o sì bá àgádágodo?"

"Grandma, I told you, wọn kì í lock it."

"Mo ní tí o bá bá a ńkọ́? Tí òtútù ń pa ẹnì kan nínú yín?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní, "Màá fọ́ ọ, ma."

Láti ọjọ́ tí mo ti dúró nínú òjò yẹn pẹ̀lú aṣọ ọmọ lórí mi, ọ̀rọ̀ tí mo ń retí lẹ́nu ọkùnrin ilé wa nìyẹn.