Omi Eérú Tí Mo Ṣe Nínú Dúrọ́ọ̀mù Oògùn Kòkó

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó mi, kó tó kú, a máa sọ pé bí òun bá bi mí ní nǹkan láàárọ̀, òun lè lọ sóko kí òun sì bọ̀ kí n tó dáhùn. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń kọ èyí. Èmi ò kàwé. Ó ní kí n sọ bí a ṣe dé Odígbó láti ìhà Ìkirè nígbà tí a wá ṣe oko kòkó olóko. Mo ní ìyẹn á dúró. Ọ̀rọ̀ eérú ni mo fẹ́ sọ.

Ó wò mí. Ó ní, "Eérú wo, Bàbá?"

Mo ní kó ṣáà máa kọ.

Ọdún tí ọmọ náà máa jáde ní yunifásítì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó wá bá mi lábúlé, lọ́nà Aráròmí-Òbu. Ó rí àrídan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ṣẹ́ ẹ, ó nà án sí mi nímú.

"Bàbá, ẹ mọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀?"

"Ọbẹ̀ ló wà nínú ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kumarin, pé ó ní ẹbí púpọ̀, pé àwọn tó ń ṣe oògùn àti àwọn tó ń ṣe lọ́fínńdà ń wá ẹbí náà kiri. Ó ní èèyàn lè ṣe é nínú ìgò láìgé igi kankan, pé iṣẹ́ tí òun máa fi jáde nìyẹn. Àmọ́ ásíìdì, irú èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò, ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe é. Ó ń jó ọwọ́, èéfín ẹ̀ ń dí èèyàn láyà, bí wọ́n bá sì ṣe tán, gọ́tà ni wọ́n ń da ìdọ̀tí ẹ̀ sí.

"Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Oríṣi omi méjì ni màá pò pọ̀. Nǹkan tó máa mú wọn dì mọ́ra ni mò ń wá. Omi eérú èèpo kòkó ni mo fẹ́ lò, kí n sì gbé e sóòrùn dípò iná."

"Eérú tí ìyá àgbà ẹ fi ń ṣe ọṣẹ dúdú?"

"Òun gan-an."

"Ọdún mẹ́rin lo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ? Ò bá ti jókòó ti ìyá àgbà ẹ, owó ọkọ̀ ì bá kù sápò mi."

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọ̀gá mi ní bó bá ṣeé ṣe, òun á mú mi kún àwọn tí òun máa kọ́ síwájú lẹ́yìn tí mo bá jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó máa mú."

Mo gbọ́ ìyẹn dáadáa. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́.

A kó èèpo kòkó tó ti gbẹ, a jó o lórí páànù tó mọ́. Mo sọ fún un pé eérú tó bá ṣì dúdú kò tíì jinná. A ń jó o títí ó fi funfun. Ibẹ̀ yẹn, mi ò ṣe àṣìṣe kankan.

Sísẹ́ ẹ ló kù. Ìkòkò ńlá ni ìyàwó mi fi ń sẹ́ omi eérú. Ó lu ìdí ẹ̀ níhò wẹ́wẹ́, á tẹ́ kànhìnkànhìn sí i, á da eérú lé e, á wá máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà tó ti kú ni ìkòkò náà ti wà lábẹ́ àjà ilé ìdáná, bó ṣe fọwọ́ ara ẹ̀ dojú ẹ̀ dé tó gbé e kọ́. Kò sẹ́ni tó gbé e. Èmi gan-an, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ kọjá kí orí mi má baà kàn án.

Ọmọ náà nawọ́ sókè. "Bàbá, ìkòkò Ìyá nìyẹn."

Mo ní ó ti sán.

Kò sán.

Mo ní kó lọ ra kẹ́ẹ̀gì l'Ọ́rẹ̀. Bí ọ̀kadà ẹ̀ ṣe yà báyìí ni mo yí dúrọ́ọ̀mù mi lọ sẹ́yìn ilé. Inú ẹ̀ ni mo ti ń po oògùn kòkó, èyí búlùú yẹn tí a ń fín nígbà òjò kí kòkó má baà dúdú lórí igi. Mo fi yanrìn fọ̀ ọ́, mo ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Búlùú náà ṣì wà níbi tí irin ti so pọ̀ nísàlẹ̀. Mo rí i. Mo ní kí ni ìyẹn máa ṣe. Mo da eérú sí i, mo bu omi sí i, mo rò ó, mo jẹ́ kó sùn ọjọ́ kan, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ. Nígbà tí mo gbé kẹ́ẹ̀gì fún un, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, kò bi mí ohun tí mo fi sẹ́ ẹ.

Kò pẹ́ tó padà sí yunifásítì ló pè mí lórí fóònù.

"Bàbá, ó di àwọ̀ ewé."

"Báwo ló ṣe yẹ kó rí?"

"Ó yẹ kó dì bí iyọ̀ ni, kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí òrí."

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti fín kòkó pẹ́ bíi tèmi mọ àwọ̀ tí oògùn yẹn máa ń yí sí. Mo ní, "Bóyá oòrùn ò tó."

Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta títí kẹ́ẹ̀gì fi gbẹ. Ọ̀gá ẹ̀ ní kó fi eérú abúlé sílẹ̀, àsìkò ti lọ, kó lo ásíìdì bíi ti àwọn yòókù. Ó lò ó. Ó jáde, kò sẹ́ni tó bá a wí. Àmọ́ ẹlòmíràn ni ọ̀gá náà mú. Ọmọ mi padà wálé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé kan l'Ọ́rẹ̀.

Àyè wà kí n sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó pè mí yẹn, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà: omi tí mo fún ẹ ò dáa, wá jẹ́ kí a ṣe òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn náà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìyá ẹ̀ wá kí wa, ẹnì kan bi í léèrè iṣẹ́ tó ṣe jáde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Eérú ni mo fẹ́ lò, kò ṣiṣẹ́." Mo wà níbẹ̀. Mò ń jẹun lọ ní tèmi.

Bí mo bá sọ ti dúrọ́ọ̀mù, màá sọ pé ìkòkò ò sán. Bí mo bá sọ pé ìkòkò ò sán, màá sọ pé mo purọ́ fún ọmọ alààyè nítorí ohun tí òkú gbé kọ́. Òkú ọ̀hún, bó bá wà níbẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ni ì bá gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún un.

Ọmọ náà ti dáwọ́ ìwé kíkọ dúró. Mo ní, "O ò kọ ọ́ mọ́?"

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Mo rò pé ọwọ́ mi ni ò dáa. Mo ti ń sọ ọ́ fún ara mi láti ìgbà yẹn pé ọwọ́ mi ò gba iṣẹ́ yẹn."

Mi ò mọ̀ pé ó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara ẹ̀. Mo rò pé ipò ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ yẹn nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo ní kó kọ ọ́ pé ọwọ́ ẹ̀ dáa. Omi mi ni ò dáa. Ó tún mú bírò. Ó kọ ọ́.