Ìka Tí Ìyá Náà Tẹ̀

Nígbà tí mo ń ṣèwádìí àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde ní Yàbá, mo gba ẹ̀jẹ̀ lára ìyá kan ní Mushin, wọ́n sì tẹ̀ka sí ìwé àṣẹ tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, pé mo lè fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sókè òkun. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí: “Dókítà, ẹ̀jẹ̀ mi dà?”

Ó ti wà lókè òkun. Mo nawọ́ sí ojú ìka tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé náà.

“Ṣé ẹ kà á fún mi ni?”

Ojú mà tì mí o! Mi ò kà á. Ìtìjú yẹn ló lé mi lọ kọ́ òfin láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí.

Lóṣù tó kọjá, ìyá yìí kan náà gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi ní Sábó. Mo ń kánjú, mo na ìwé àti íǹkì sí wọn.

Wọ́n ká ọwọ́ kò. “Lọ́yà, ẹ kọ́kọ́ kà á ná.”