Iyán Ìyá Mi àti Òṣùwọ̀n Júdò

Èmi ni mo ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ja júdò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Oǹdó. Àwọn ènìyàn rò pé èmi ni mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Rárá o, kóòṣì ló ń ṣe ìyẹn. Èmi ni mò ń wá bọ́ọ̀sì, tí mò ń bẹ àwọn olùkọ́ kí wọ́n sún ìdánwò síwájú, tí mo sì ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń jẹ.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ti wà ní ọdún àṣekágbá. Ìdíje kan ń bọ̀ ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti máa mú àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀, àǹfààní ìkẹyìn rẹ̀ sì nìyẹn. Nínú ìsọ̀rí ìwúwo tó ti ń jà, kò gbọdọ̀ ju kílò méjìdínláàádọ́ta lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣọ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ kòkó tí wọ́n sá sóòrùn.

Kí a má baà pẹ́ dé pápá, mo kó wọn lọ sùn sí ilé ìyá mi ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́ níbẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn nípa oúnjẹ, àfi ìyá mi. Bí a ṣe wọlé ní ìrọ̀lẹ́, iyán ti wà nílẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń ta sánsán. Mo ní kí ó má ṣèyọnu. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

"Kò sẹ́ni tí í sùn ní ulé mi láìjẹun."

Ó bù fún ọmọ náà, ó sì jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òkèlè ti wà lẹ́nu tèmi náà.

Nígbà tí ọmọ náà gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ìdajì kílò lé. Wọ́n ní kí a padà wá kí wákàtí kan tó pé. Inú bí mi gidi. Mo pe ọmọ ọlọ́mọ ní alájẹkì lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wọ súwẹ́tà méjì, ó ń sáré yí pápá po. Nígbà tó yá, ó dúró níwájú mi, òógùn ń kán tótó lágbọ̀n rẹ̀.

"Sà, ṣé ẹ̀yin lè kọ oúnjẹ Màmá?"

Ojú tì mí. Ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan náà ni mo ti bẹ̀ ẹ́.

Ó tún gun òṣùwọ̀n, ó ṣì ku díẹ̀ kíún. Àkókò ti ń lọ. Mo rò pé ẹ̀pa ò bóró mọ́ nìyẹn. Ìyá mi, tó bá wa wá wòran, bi mí pé kí ló dé, mo sì ṣàlàyé fún un. Kò bá mi jiyàn. Ó wo irun tí ọmọ náà fi atáṣímẹ́ǹtì dì títí dé ìdí, ó ní kí wọ́n bá òun wá abẹ.

Gbogbo àwọn ọmọbìnrin tó kù yí i ká, wọ́n ń gé, wọ́n ń tú, ìyá mi ń kó atáṣímẹ́ǹtì sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà padà sórí òṣùwọ̀n, orí rẹ̀ rí bíi ti ẹni tó ti jà tán. Kílò méjìdínláàádọ́ta géérégé ni òṣùwọ̀n kà. Mo pariwo bí ọmọdé.

Ó ṣe ipò kejì, wọ́n sì mú un mọ́ àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀. Ayọ̀ mi ò ṣe é fẹnu sọ. Bí ọmọ náà ṣe kúrò lórí pápá, ìyá mi ṣí kúlà oúnjẹ tó gbé wá. Ó mú ṣíbí, ó dúró, ó yíjú sí mi, ó bi mí bóyá ọmọ náà lè jẹun báyìí. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò rí i kí ìyá mi tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí kí ó tó bu oúnjẹ.