Fíríìdọ́ọ̀mù Tí Mo Fi Du Ràmọ́nù

Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ń bàjẹ́ kì í kúrò nímú ènìyàn bọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la sin Ràmọ́nù ní Ọ̀yọ́. Láti ọjọ́ náà ni òórùn ọ̀hún ti ń bá mi nínú ilé mi níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ajórin ni mí nígbà tí mo lágbára, nítòsí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ni mò ń ṣe, Ràmọ́nù sì ni ọmọ iṣẹ́ mi tó já fáfá jù. Àṣírí ẹ̀rọ náà kò ju páànù tí a fi ìṣó dá lu lọ, àti bí a ṣe ń to ihò rẹ̀ kí ẹ̀gẹ́ má baà há sí i. Bàbá Láyíwọlá, ọ̀gá tó kọ́ mi, máa ń sọ pé, "Bí o bá fi han gbogbo ayé, kí ni wọ́n tún fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ rẹ?" Mo gba ọ̀rọ̀ yìí bí àdúrà, mo sì fi tèmi lé e: ńṣe ni mo ń jó ìdérí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn yí ká, tí ẹnikẹ́ni kò lè rí inú rẹ̀ láìfi ayùn gé e. Mo rò pé ọgbọ́n ni.

Ìyá Sìkírá, tó ń ṣe gàrí ní Ọ̀yọ́, ra ọ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tẹ̀ mí láago: ẹ̀rọ ti dákẹ́, ẹ̀gẹ́ ẹ̀kún ọkọ̀ kan sì wà ní bíbó nílẹ̀, tó yẹ kó di gàrí kí ọjà Akẹ̀sán tó ná. Ẹ̀gẹ́ tí a ti bó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo rán Ràmọ́nù pé kó gbé ẹ̀rọ wá, kó má ṣí i níbẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, n kò rí Ràmọ́nù, n kò rí ẹ̀rọ. Mo wọ mọ́tò lọ.

Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ń bàjẹ́ ló kọ́kọ́ pàdé mi, mo sì bá ẹ̀rọ ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Kàmọ́rù àti Tìámíyù, ajórin méjì ará Ọ̀yọ́, bẹ̀rẹ̀ tì í, Ràmọ́nù ń fi bí a ṣe ń to ihò hàn wọ́n.

"Ràmọ́nù, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. A ò rí mọ́tò tó máa gbé e. Ẹ̀gẹ́ sì ti ń dúdú."

"Mo ní o má ṣí i."

Ìyá Sìkírá dá sí i. "Bàbá, àbí kí n kó o wá fún yín, kí ẹ jẹ ẹ́ ní tútù?"

Kàmọ́rù rẹ́rìn-ín. "Góòlù la rò pé ẹ fi pamọ́ síbẹ̀, Bàbá. Ihò la bá."

Fíríìdọ́ọ̀mù ni àdúrà tí ọ̀gá ń ṣe kí ọmọ iṣẹ́ tó di ọ̀gá ara rẹ̀, oṣù méjì péré ló sì kù fún Ràmọ́nù. Níṣojú gbogbo wọn ni mo ti sọ pé kò ní gbà á lọ́wọ́ mi láéláé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí èyí." Ó dìde, ó padà sídìí ẹ̀rọ.

Gàrí náà bá ọjà. Ràmọ́nù kò padà sọ́dọ̀ mi, Ọ̀yọ́ ló jókòó sí. Èmi wá ń retí kí iṣẹ́ mi kú. Àmọ́ Kàmọ́rù kọ́ ẹlòmíràn, ìyẹn náà kọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ láàárọ̀ ti ń rí àtúnṣe kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn tó ń bẹ̀rù àtirà á rà á. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé dá oko ńlá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta páànù àti irin, àwọn ajórin tí mo pè ní olè ló sì ń wá rà á lọ́wọ́ mi. Lára owó rẹ̀ ni mo ti kọ́ ilé tí mo wà yìí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n àgbà tí kò fẹ́ gbọ́n ńkọ́? Ọdọọdún ni Ràmọ́nù ń gbé ẹran Iléyá wá. Mo ń gba ẹran, àmọ́ n kì í ṣe àdúrà fíríìdọ́ọ̀mù fún un. Ojú ló ń tì mí. Mo ń sọ fún ara mi pé ó di ọdún tó ń bọ̀.

Nílé òkú lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ajórin kún àgbàlá. Tìámíyù, tó ti hewú, mú mi lọ síwájú, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ̀gá wa." Wọ́n ní kí n ṣàdúrà. Ti òkú ló yẹ kí n ṣe, ti fíríìdọ́ọ̀mù ló jáde: kí ọwọ́ rẹ̀ máa mọ́ iṣẹ́, kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ má wọ́n. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n sì ṣe àmín.

N kò mọ̀ bóyá ẹni tó ti lọ lè gbà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ohun tí mo fi dù ú, òun gan-an ni Ràmọ́nù ti fún gbogbo àwọn tó dúró ní àgbàlá yẹn.