Lórí Ìkúnlẹ̀ Ni Ìyá Àgbà Ti Béèrè

Ìyá àgbà wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ alága àdúgbò wa ní Ìlobù, òórùn irú ń ti ara aṣọ rẹ̀ jáde, alága sì ti ní kí ó dìde, kò dìde. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní sìmẹ́ńtì ilé wọn tutù, ó tu òun ní orúnkún. Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wo ife tíì tó ti ń tutù lọ́wọ́ bàbá náà.

Àgádágodo ló gbé wa dé ibẹ̀. Ẹ̀bá ilé alága ni ẹ̀rọ omi àdúgbò wà, gbogbo wa la sì jọ ru iyanrìn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ṣàdédé ni alága tì í pa, ó ní kùtùkùtù òwúrọ̀ nìkan lòun yóò máa ṣí i. Kò sọ ìdí. Àwọn èèyàn kùn, ṣùgbọ́n inú ilé wọn ni wọ́n ti kùn, wọ́n sì gbé kẹ́ẹ̀gì wọn, wọ́n gba ọ̀nà odò lọ.

Irú ni ìyá àgbà mi ń ṣe. Ìfọ́n ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó tó wọlé ọkọ ní Ìlobù. Àṣálẹ́ ló máa ń gbé hóró igbá tí a fi ń ṣe irú kaná, tí yóò máa hó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láàárọ̀, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè ṣí, yóò máa yọ̀ mí lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, a ó wá dà á sínú apẹ̀rẹ̀, a ó máa ṣàn án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Omi ńlá ni iṣẹ́ yẹn ń gbà. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, a tẹ igbá tán, omi tí a pọn ní kùtùkùtù kò sì tó fọ̀ ọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá a bẹ́ẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn, a ò ní rí nǹkan gbé lọ sọ́jà. Ìyá àgbà wo apẹ̀rẹ̀, ó so gèlè mọ́rí, ó ní ká lọ kí alága.

Ó sì kí i lóòótọ́. Ó kí i kú ìsinmi, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Òṣogbo. Lẹ́yìn náà ló rọra bi í pé kí ló dé tí wọ́n ti ẹ̀rọ omi pa.

Alága ní àwọn ọmọdé ń bà á jẹ́. Ìyá àgbà béèrè pé ibo ni wọ́n bà jẹ́ lára rẹ̀. Alága yí ohùn padà, ó ní ìgbìmọ̀ ló fẹnu kò lé e lórí. Ìyá àgbà ní àbúrò ọkọ òun wà nínú ìgbìmọ̀, kò sì gbọ́ sí i.

Bí wọ́n ṣe wà lórí èyí ni àwọn ọkùnrin ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun àílà ọ̀sán. Wọ́n rí ìyá arúgbó lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin tí ó lè bí lọ́mọ, wọ́n sì dúró wòye. Òógùn bo alága.

“Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ dìde. Ẹ tó bí mi. Kí ni wọn ó máa sọ nípa mi?”

“Ipò yín ni mo kúnlẹ̀ fún,” ni ìyá àgbà wí. “Mo ti kí ipò tán. Ìdáhùn ni mò ń retí.”

Bàbá náà wo àwọn tó dúró, ó wolẹ̀.

“Ariwo àwọn ọmọ ni. Wọn kì í jẹ́ kí n sùn lọ́sàn-án.”

Ẹ̀rín pa gbogbo wa, òun pàápàá rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn. Ìyá àgbà ní oorun ọ̀sán dára, ká ní ó ti sọ ọ́ tipẹ́ ni, òun ì bá ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ. Ó di èjìká mi mú, ó dìde, orúnkún rẹ̀ sì dún. Alága fúnra rẹ̀ ló lọ ṣí ẹ̀rọ.

Nígbà tí à ń fọ igbá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ara mi. Mo bi ìyá àgbà pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi nìkan ni mò ń tẹ igbá, tí mò ń fọ̀ ọ́, tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù. Ojú rẹ̀ le. Mo rò pé ìgbátí ló kàn. Ó mi apẹ̀rẹ̀, ó tún un mì, omi ń ro sílẹ̀.

“Mi ò ní ìdáhùn,” ó wí níkẹyìn. “Lọ pè wọ́n wá.”

Wọ́n wá o, wọ́n fi ọwọ́ kan dímú, wọ́n ń fi èkejì fọ igbá, mo sì rẹ́rìn-ín títí ìfun fi ń dùn mí. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Èmi náà ti di ọ̀gá báyìí, mo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Òṣogbo. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kí mi dáadáa, ó wá bi mí pé kí ló dé tí ẹni tó bá pẹ́ fi máa ń jìyà, tí èmi sì ń dé nígbà tó bá wù mí. Inú bí mi. Mo wá ìdáhùn títí, ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni pé èmi ni ọ̀gá. Mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Láti ọjọ́ náà ni èmi náà ti ń tètè dé.