Ọ̀rọ̀ Apá Jíìpù

Nígbà tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì ní Cocody, ní ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1970, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jọ ní jíìpù. Abọ́ tánganran àti aṣọ ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀ lọ sí àwọn ọjà oko níhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ẹrẹ̀ kì í ti í gbẹ tán. Mo ti gun ọkọ̀ tó dára jù ú lọ láti ìgbà náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mò ń lá àlá rẹ̀.

Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Adjamé ni mò ń gbé, Bàbá ni mo sì ń pè é. Mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó gbọ́ Dyula, èdè ọjà ibẹ̀, bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Faransé rárá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá láti Dahomey, ọmọ ìjọ Kristẹni, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ní Yorùbá, tí yóò sì parí rẹ̀ ní Faransé. Tọ́ńtọ́n ni àwa ọmọdé ń pè é. Bàbá ń pè é ní Ará Ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ń pe Bàbá ní Ẹ̀gbọ́n. Bàbá kò mọ ọkọ̀ wà. Tọ́ńtọ́n kò mọ ọjà tà, nítorí ojú máa ń tì í láti jẹ èrè lórí ẹnikẹ́ni. Bí àwọn méjèèjì bá pínyà, irin lásán ni jíìpù náà yóò dà, gbogbo wa nínú ilé la sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òjò pọ̀ lọ́dún náà. Ikùn jíìpù ń wọ́ nínú ẹrẹ̀, ni Tọ́ńtọ́n bá ra sípíríńgì gígùn lọ́dọ̀ ẹnì kan ní èbúté, wọ́n fi gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Ọkọ̀ ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó di alágídí. Irin méjì tí à ń pè ní apá ọkọ̀ ló wà nísàlẹ̀ iwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n di ẹsẹ̀ iwájú mú mọ́ ṣaasí, ìyẹn egungun ẹ̀yìn ọkọ̀. Nígbà tí iwájú ga, àwọn irin yìí dorí kodò bí apá ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nínú kànga, wọ́n sì fa táyà sẹ́yìn. Bí a bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lójú títì, jíìpù á kàn yà sósì fúnra rẹ̀, bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀.

Tọ́ńtọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Treichville, ọmọ Dyula kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní òun yóò gé etí irin tí apá méjèèjì fi so mọ́ ṣaasí, òun yóò sì jó etí tuntun mọ́ ọn nísàlẹ̀, kí apá lè padà dọ́gba. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní fi iná kàn án àfi bí àwọn méjèèjì tó ni ọkọ̀ bá dúró níbẹ̀. Ohun tí a bá ti gé kúrò lára ṣaasí, a kò lè sọ pé a kò gé e mọ́.

Ohun kan tún wà. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, jáàkì ọkọ̀ sọnù nínú ọgbà ilé wa. Tọ́ńtọ́n béèrè rẹ̀, Bàbá ní òun kò rí i, ọ̀rọ̀ sì parí. Ó jọ pé ó parí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan Tọ́ńtọ́n yà sílé wa. Ó ń kánjú lọ bá àwọn akọrin ìjọ rẹ̀, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀la ni ọ̀rọ̀ bras yẹn o,” ó wí lẹ́nu ọ̀nà. “Lórí irin ni, ní ọgbà wẹ́dà. Ẹ̀yin gan-an gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ kí ni?” ni Bàbá wí.

“Bras! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Bí a ò bá ṣe bras, a ò lè jọ wọ ọkọ̀ yẹn mọ́.”

Ó lọ. Bàbá dúró lójú kan náà, bútà omi àlùwàlá lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá ó pè mí.

“Akẹ́kọ̀ọ́, ní kóòtù àwọn òyìnbó tí o ń kọ́ nípa rẹ̀, kí ni wọ́n máa ń ní kí èèyàn ṣe kí wọ́n tó gbà á gbọ́?”

Inú mi dùn pé ó ń béèrè nípa ẹ̀kọ́ mi. “Wọ́n á ní kó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, Bàbá.”

“Wọn kì í lo irin?”

“Irin kẹ̀? Rárá o.”

“Hẹn-ẹn. O mọ̀ nípa ti ọ̀la yìí?”

“Gbogbo wa la mọ̀, Bàbá. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí wọ́n ṣe é.”

“Gbogbo yín! Ta ni gbogbo yín?”

“Èmi, Tọ́ńtọ́n, wẹ́dà. Ìyá náà mọ̀.”

“Ìyàwó mi mọ̀!” ó wí, ó sì wọlé. Oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ tutù síbẹ̀. Mo bi Ìyá pé kí ló ṣe Bàbá, Ìyá náà bi mí pé kí ni mo sọ fún un.

Ní ọjọ́ kejì Bàbá wẹ̀, ó wọ agbádá funfun tí ó máa ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe Jímọ̀. Mo sọ fún un pé òróró àti ìpẹtà ló kún ibi tí à ń lọ. Ó ká apá agbádá lé èjìká. Nínú takisí tó gbé wa kọjá lórí afárá, ojú omi ọ̀sà ló ń wò, ó sì fún kọ́kọ́rọ́ jíìpù kejì, èyí tí òun ń tọ́jú, mọ́ ọwọ́. Mo ro ó títí, ọgbọ́n mi kò gbé e.

Jíìpù wà lórí ìtì igi nínú ọgbà wẹ́dà, táyà iwájú méjèèjì ti kúrò, apá rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tọ́ńtọ́n ti wà níbẹ̀. Wẹ́dà fi òòlù gbá ṣaasí.

“Ah, le Vieux! Bras gauche d'abord, bras droit après!” Ó ń pe Bàbá ní àgbà, ó ní òun yóò ti òsì bẹ̀rẹ̀ kó tó kan ọ̀tún.

Bàbá ṣí fìlà.

“Ará Ṣọ́ọ̀ṣì,” ó wí, “n kò mú jáàkì. Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni mí, n kò ní fi ẹnu kan irin nítorí jáàkì. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ nìyí. Mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ.” Ó ju kọ́kọ́rọ́ náà sórí ṣaasí, kọ́kọ́rọ́ sì jábọ́ sílẹ̀.

“Jáàkì wo?” ni Tọ́ńtọ́n wí. “Ta ló ń sọ̀rọ̀ jáàkì, Ẹ̀gbọ́n?”

“O ní kí n wá búra lórí irin. O ní bí n kò bá búra, a ò ní jọ wọ ọkọ̀ mọ́. Ọmọ yìí wà níbẹ̀!”

Gbogbo wọn wò mí.

“Bras, bras!” ni wẹ́dà wí, iṣẹ́ ń kán an lójú. “On coupe ou on coupe pas?” Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun gé e tàbí kí òun má gé e.

“Ẹ gbọ́ ọ!” Bàbá kígbe. “Òun náà tún ń wí i!”

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ètè àwa Yorùbá kì í fẹ́ kí b àti r rìn pọ̀, a máa ń fi ohùn kékeré kan sáàárín wọn. Bras ti Tọ́ńtọ́n, tí í ṣe apá ní èdè Faransé, tí a kì í pe s ìparí rẹ̀, ti di búra kó tó dé etí Bàbá. Níbi tí wọ́n sì ti tọ́ Bàbá dàgbà, ẹni tí a kò gbà gbọ́ mọ́ ni à ń ní kó wá búra lórí irin.

“Bàbá, apá ni!” Mo na apá tèmi síwájú rẹ̀. “Bras, apá! Apá ọkọ̀ ni wọ́n ń wí!”

Ó wo apá mi bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ó wo irin méjèèjì tó wà nílẹ̀.

“Apá,” ó wí.

Mo ń retí kí Tọ́ńtọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́ràn ẹ̀rín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí táyà.

“Ẹ̀gbọ́n, láti àná ni ẹ ti gbà pé mo lè fi irú ẹ̀ lọ̀ yín?”

“Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ.”

“Ẹ ò sì bi mí.”

“Kí ni n bá bi ọ́? Bí ẹni tí mo gbà gbọ́ bá ní kí n búra, mo mọ̀ pé ó nídìí.”

Mo ti yí ọ̀rọ̀ yìí síwá, mo ti yí i sẹ́yìn, láti ìgbà náà títí di ọjọ́ ogbó mi. Ẹ̀kọ́ òfin kò ràn mí lọ́wọ́. N kò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí ẹ̀sùn, bóyá Bàbá gan-an mọ̀, n kò lè sọ.

Tọ́ńtọ́n dìde. Ó he kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù ún, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Bàbá.

“Ẹ sọ fún un kó gé e, Ẹ̀gbọ́n. Èmi nìkan ò lè sọ ọ́.”

Bàbá kò tètè gbà á. Ẹ̀rù bà mí, nítorí bí ó bá yí padà lọ báyìí, jíìpù kò ní kúrò lórí igi yẹn láéláé. Lẹ́yìn náà ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì yíjú sí wẹ́dà.

“A tigɛ,” ó wí ní Dyula, pé kó gé e.

A yíjú kúrò lára iná. Etí àtijọ́ jábọ́, etí tuntun mú nísàlẹ̀ rẹ̀, apá méjèèjì sì padà nà tọ́ọ́rọ́. Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí a gbé ọkọ̀ lọ dán wò ní Riviera, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀nà ṣì jẹ́ ilẹ̀ pupa nígbà yẹn. Tọ́ńtọ́n ń wakọ̀, Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú agbádá tí kò funfun mọ́, èmi wà lẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n, ká ní ìbúra ni mo pè yín sí lóòótọ́ ńkọ́?”

“Bí o bá pè mí ńkọ́?”

“Ṣé ẹ máa wá?”

“Mo wá, àbí n kò wá?”

“Ẹ wá láti ju kọ́kọ́rọ́ lù mí.”

“Mo wá,” ni Bàbá wí. “Wo iwájú rẹ.”

Táyà òsì wọ kòtò, ó sì jáde. Ọkọ̀ kò yà. Tọ́ńtọ́n wá ṣí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lára sítíárìn, ó gbé wọn sókè níwájú Bàbá bí ẹni tó ń búra ní kóòtù òyìnbó, jíìpù sì ń lọ tààrà nínú eruku pupa.

“Di nǹkan yẹn mú, Ará Ṣọ́ọ̀ṣì!” Bàbá pariwo. “Ṣé o fẹ́ pa wá ni?”

Tọ́ńtọ́n kò tíì dì í mú. Lẹ́yìn níbi tí mo wà, n kò rí ojú ẹnì kankan nínú wọn, n kò sì mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín.