Ọta Òjé Inú Oko Tábà

Ní ọdún kejì tí mo dé Maryland, bésímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilẹ̀, nílé ìyá àgbà kan ní Riverdale Park ni mò ń gbé. Apòògùn ni mí láti ilé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ìjọba ní Ìbàdàn kí n tó wá, ṣùgbọ́n níbí, wọn ò kà mí sí apòògùn àfi tí mo bá yege nínú ìdánwò tiwọn, ti oògùn àti ti sísọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti ṣe méjèèjì, èsì ni mò ń retí. Ní àárọ̀, kí n tó lọ síbi tí mo ti ń ka hóró oògùn sínú ike fún àwọn tí mo dàgbà jù lọ, màá ti yọjú sí àpótí lẹ́tà. Tí mo bá dé, màá tún yọjú. Lọ́jọ́ Sunday tí ẹnikẹ́ni kì í pín lẹ́tà, mo ṣì máa ń ṣí i.

Ìyá onílé mi ń wò mí láti ojú fèrèsé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, kò lọ́kọ mọ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Wàá fa ilẹ̀kùn àpótí yẹn já láìpẹ́. Bá mi lọ sóko lọ́la."

Oko tó ń wí wà lọ́nà Upper Marlboro. Bàbá òyìnbó kan ló ni ín, ó ti fi tábà gbíngbìn sílẹ̀ bí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ agbègbè náà, abà gíga tí wọ́n ń sá ewé kọ́ sí sì dúró lófìfo létí ọ̀nà. Ìyá onílé mi ní ẹ̀rọ kan tó máa ń ké tó bá gbóòórùn irin lábẹ́ ilẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ gbà fún un kó máa gbé e wá ní Saturday, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ tẹ òun láago, kó dí gbogbo ihò tó bá gbẹ́, kó sì fi ohun tó bá rí han òun.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ìdérí ìgò àti ìṣó la kọ́kọ́ ń hú. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà ké pẹ̀lú ohùn tó jinlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ tú yẹ̀pẹ̀, mo mú nǹkan roboto kan jáde, ó wúwo ju bó ṣe kéré lọ, ara rẹ̀ funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún.

"Ọta ìbọn nìyẹn," ni ìyá onílé mi wí. "Òjé ni. Tó bá pẹ́ nínú ilẹ̀, á funfun."

Ó ṣàlàyé fún mi pé láyé àtijọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba agbègbè yìí kọjá nígbà tí wọ́n ń lọ dáná sun ilé Ààrẹ ní Washington. Ó ní èyí tó bá tóbi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó bá kéré, ti ará ibí. Èyí tó bá rí roboto, ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ni. Èyí tó bá tẹ́ pẹlẹbẹ, ó ti ba nǹkan. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń wá ibi tí àwọn ọmọ ogun náà gbé dúró.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní òṣùwọ̀n kékeré kan tí mo gbé wá láti ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọn àwọn ọta náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ya àwòrán oko náà sórí bébà, mo sì ń fi àmì sí ibi tí a ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò lè jókòó kàwé mọ́, mi ò sì lè jẹun tán kí n tó tún dìde lọ wo bébà yẹn. Ní Saturday kẹrin, ọta mọ́kànlá la ti ní, mẹ́sàn-án nínú wọn sì wà lójú kan ṣoṣo, nídìí òkè kékeré kan, níbi tí ènìyàn lè fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá rìn já. Ta ni ọta mẹ́sàn-án yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú kan? Ọ̀kan nínú wọn tún ní ojú eyín káàkiri ara rẹ̀. Ìyá onílé mi ní ó lè jẹ́ pé ọmọ ogun tí wọ́n ń gé lẹ́sẹ̀ ló fi eyín dì í mú nítorí ìrora. Mi ò lè gbàgbé ọkùnrin yẹn, ẹni tí mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó wà rí.

Mo ra káàdì ìpè, mo pe bàbá mi ní abúlé wa lẹ́bàá Ṣakí. Ọdẹ ni wọ́n títí ojú wọn fi di bàìbàì. Fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ni, orí àpáta ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sì máa ń gùn kí wọ́n tó lè gbọ́ mi.

"Ṣé èsì ti dé?"

"Kò tíì dé, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ọta ìbọn ni mo fẹ́ bi yín."

"Ta ló yìnbọn fún ọ?"

"Kò sẹ́nìkankan, Bàbá. Inú ilẹ̀ la ti hú u." Mo wá ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí dórí ọkùnrin tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "Ẹlẹ́dẹ̀ ni! Ẹlẹ́dẹ̀ ló hú u tó rò pé hóró ni. Ẹni tí wọ́n ń gé lẹ́sẹ̀ tó ki òjé sẹ́nu, yóò gbé e mì ni." Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn yí padà. "Ní ojúkan tí ẹ ti rí mẹ́sàn-án yẹn, ṣé ẹ rí òjé mìíràn tí kò rí roboto? Èyí tó kán sílẹ̀ bí àbẹ́là? Ìrù tí wọ́n gé kúrò lára ọta? Bó bá wà níbẹ̀, á jẹ́ pé ẹnì kan ló jókòó yọ́ òjé níbẹ̀."

Mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń yọ́ òjé inú bátìrì mọ́tò nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n á dà á sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ara amọ̀, tí wọ́n á sì fi ọ̀bẹ gé ìrù rẹ̀ dànù. A ti rí irú rẹ̀ nínú oko náà. Inú àpò ìdọ̀tí la dà á sí pẹ̀lú ìdérí ìgò.

Tuesday nìyẹn. Ìyá onílé mi ti lọ kí àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Landover. Saturday jìnnà lójú mi. Mo gbé ẹ̀rọ náà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, mi ò sọ fún un, mi ò tẹ bàbá àgbẹ̀ láago, mo wa mọ́tò mi lọ.

Bàbá mi tọ̀nà. Láàárín wákàtí kan, mo ti rí ìrù òjé tó tó méje, òjé tó kán sílẹ̀ tó tẹ́ bí omijé, àti èédú lábẹ́ wọn. Ìdùnnú bò mí débi pé mi ò dí ihò kankan, láti orí ọ̀kan ni mo ti ń sáré lọ sórí èkejì. Mi ò gbọ́ mọ́tò bàbá àgbẹ̀ títí ó fi dúró lẹ́yìn mi.

"Ta ló ní kí o wá síbí lónìí?"

Mo lanu, èdè Gẹ̀ẹ́sì sá lọ. Ó ka ihò mẹ́tàlá. Ó dúró tì mí títí mo fi dí wọn tán, ó gba gbogbo òjé náà lọ́wọ́ mi, ó sì pe ìyá onílé mi.

Nígbà tí ìyá onílé mi dé, kò pariwo. Ó ní, "Ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹ́ kí ọkùnrin yẹn mọ̀ pé mo ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé." Ó wọlé. Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju "káàárọ̀" lọ.

Àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni lẹ́tà dé. Mo yege nínú ti oògùn. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò sísọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n gba ohùn mi sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ, mi ò yege, èdè tí mo ti ń fi kàwé láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn bésímẹ́ǹtì pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Ìyá onílé mi sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tó wà lókè orí mi, ó gba lẹ́tà náà kà.

"Ó yé mi tó o bá ń sọ̀rọ̀," ni gbogbo ohun tó wí.

Mo sọ fún un pé nílé wa, ẹni tó bá ṣẹ àgbà máa ń bẹ àgbà mìíràn kó bá òun lọ tọrọ àforíjì. Ó bá mi lọ. Ní ìloro bàbá àgbẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀rù ba bàbá náà, ó ń pariwo, "Dìde, dìde, jọ̀ọ́!" bí ẹni pé mo dákú. Ó wá gbé òjé náà jáde nínú agolo, ó bi mí pé kí ni mò ń wá gan-an. Mo sọ ohun tí bàbá mi sọ: pé kì í ṣe ọmọ ogun ló kọjá níbẹ̀, ẹnì kan ló jókòó tó ń yọ́ òjé nídìí iná rẹ̀.

Ó fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀. "Ilé kan wà níbẹ̀ rí. Ilé àwọn ẹrú ni ìyá mi àgbà máa ń pè é."

Ìyá onílé mi wò ó. "Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Ẹ ò bi mí. Ọ̀rọ̀ ọmọ ogun lẹ máa ń bi mí."

Nígbà tí à ń padà, ìyá onílé mi ló wa mọ́tò. A fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó sọ pé ìran ìyá òun ti agbègbè yẹn wá, àti pé orí iná wọn ni òun ti ń rìn káàkiri láti ọdún mẹ́rin, tí òun ń wá òyìnbó.

Mo ro èyí fún bàbá mi. Mo bi wọ́n pé báwo ni ẹrú ṣe máa ń ní ìbọn. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń yọ́ òjé lè má ni ìbọn. Ó lè jẹ́ ọ̀gá ló rán an, ó sì lè jẹ́ pé ó ń fi tirẹ̀ pamọ́. Ẹ má tètè sọ pé ẹ mọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, ìyá onílé mi ni kò lè jókòó mọ́. Ó ń lọ sí ibi tí wọ́n kó ìwé àtijọ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí, ó ń wá orúkọ. Ó bẹ̀ mí kí n máa bá a lọ ní Saturday, torí ojú rẹ̀ kì í rí lẹ́tà kéékèèké dáadáa. Orúkọ kọ̀ọ̀kan péré ló wà nínú ìwé náà, orúkọ láìsí ti bàbá, pẹ̀lú ọjọ́ orí. Mo ka ojú ewé kan fún un, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n mo ń múra fún ìdánwò sísọ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo Saturday ni mo fi ń bá tépù sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo bá a lọ. Mo yege lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo sì kó lọ sí Lake Arbor. Mi ò tíì bi í rí bóyá ó rí orúkọ tó ń wá.